Demosthenes, ọmọ tí ohùn rẹ̀ kéré

Ní ayé àtijọ́, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní ìlú Áténì. Orúkọ rẹ̀ ni Demosthenes. Áténì wà ní ilẹ̀ Gíríìsì, lókè òkun. Ìlú náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ọdún 384 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n bí ọmọ yìí. Láti ìgbà náà di ìsinsìnyí, ó ti lé ní 2400 ọdún.

Bàbá rẹ̀ lówó. Orúkọ kan náà ni bàbá àti ọmọ ń jẹ́. Bàbá ní ilé iṣẹ́ méjì. Nínú ọ̀kan, wọ́n ń rọ idà àti ọ̀bẹ. Nínú èkejì, wọ́n ń kan bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò gba owó oṣù. Ẹrú ni wọ́n. Ní ayé ìgbà náà, ní Áténì, wọ́n ń ra ènìyàn, wọ́n sì ń ta ènìyàn. Ó burú, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Nígbà tí Demosthenes pé ọmọ ọdún méje, bàbá rẹ̀ kú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Cleobule, ìyá wọn, di opó. Kí bàbá tó kú, ó pe ọkùnrin mẹ́ta sọ́dọ̀. Méjì jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀, ẹnì kẹta jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó fi ìyàwó, ọmọ àti owó rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n bá òun tọ́jú gbogbo rẹ̀ títí ọmọkùnrin náà yóò fi dàgbà.

Wọn kò tọ́jú rẹ̀. Wọ́n jẹ owó náà díẹ̀díẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ san owó àwọn olùkọ́ ọmọ náà.

Demosthenes tín-ínrín. Ara rẹ̀ kò le. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lọ bá àwọn ọmọkùnrin yòókù ja ìjàkadì, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé kí ọmọ òun má fara pa. Àwọn ọmọ yòókù wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ burúkú, wọ́n ń pè é ní Batalus. Ẹ mọ bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń ṣe. Tí wọ́n bá ti fún ènìyàn ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, kì í tán lára rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ohùn rẹ̀ náà kéré. Ahọ́n rẹ̀ wúwo. Lẹ́tà kan wà tí kò lè pè dáadáa, lẹ́tà «r» ni. Bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, èémí rẹ̀ máa ń tán láàárín ọ̀rọ̀. Yóò dúró, yóò mí, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ọ kò ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tó parí sí.

Ní ọjọ́ kan, ó gbọ́ pé ẹjọ́ ńlá kan fẹ́ wáyé. Wọ́n fẹ̀sùn kan ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Callistratus. Callistratus yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ púpọ̀. Gbogbo ìlú ló fẹ́ lọ gbọ́. Ọmọdé kò gbọdọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n Demosthenes bẹ ọkùnrin àgbà tó máa ń mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ọkùnrin náà mọ àwọn aṣọ́nà. Ó wá ibi kan fún ọmọ náà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Ó jókòó síbẹ̀, kò mira.

Callistratus sọ̀rọ̀, ó sì jàre. Àwọn ènìyàn tò tẹ̀ lé e dé ilé, wọ́n ń yìn ín. Demosthenes rí gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ariwo tí wọ́n ń pa lẹ́yìn ọkùnrin náà ló yà á lẹ́nu jù. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan lè yí ọkàn gbogbo ènìyàn padà bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti fi ìwé yòókù sílẹ̀, tó gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Ó ní ìdí mìíràn tó fi fẹ́ kọ́ ọ. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà ní láti dá ogún rẹ̀ padà fún un. Ohun tí wọ́n gbé fún un kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ilé wà níbẹ̀, àwọn ẹrú díẹ̀, àti owó díẹ̀. Ìyókù ti lọ.

Kí ni ọmọ òrukàn yóò ṣe? Ní Áténì, kò sí agbẹjọ́rò tí yóò dúró sọ̀rọ̀ ní ipò rẹ. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ rò ó. Àwọn adájọ́ kì í ṣe ẹnì kan tàbí méjì. Wọ́n máa ń pọ̀ ju igba lọ. Wọn a sì gbé ìkòkò omi kan kalẹ̀. Ìkòkò náà ní ihò kékeré nísàlẹ̀. Bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, omi náà yóò máa jò. Bí omi bá ti tán, ọ̀rọ̀ rẹ tán nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé o ti sọ gbogbo rẹ̀ tàbí o kò tíì sọ ọ́.

Ẹ fojú inú wo ọmọ tí èémí rẹ̀ ń já, tó dúró síwájú ìkòkò tó ń jò.

Demosthenes lọ bá olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Isaeus. Isaeus mọ òfin ogún dáadáa. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀. Nígbà tí Demosthenes pé nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, ó pe àwọn tó jẹ owó rẹ̀ lẹ́jọ́. Aphobus, ọ̀kan nínú wọn, ló kọ́kọ́ pè. Ó dúró, ó rojọ́, ó sì jàre. Àwọn adájọ́ ní kí Aphobus san owó ńlá fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ̀ ni kí a jàre, ẹ̀tọ̀ ni kí owó wọlé. Aphobus àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi nǹkan pamọ́ síhìn-ín, wọ́n fi pamọ́ sọ́hùn-ún. Díẹ̀ ni Demosthenes rí gbà.

Ẹjọ́ tó jàre yìí fún un ní ìgboyà. Ó ní òun yóò lọ bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀ báyìí.

Ní Áténì, àwọn ọkùnrin ìlú máa ń pé jọ lórí òkè kan tó ń jẹ́ Pnyx. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jíròrò ọ̀rọ̀ ìlú. Wọ́n lè tó ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Kò sí òrùlé lórí wọn. Kò sí ẹ̀rọ tó ń mú ohùn tóbi. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, àwọn mìíràn ń pariwo. Ohùn ẹnì kan ṣoṣo ni yóò la gbogbo rẹ̀ kọjá.

Demosthenes bọ́ síwájú. Ó la ẹnu. Ohùn rẹ̀ kò dé ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, ó lọ́ pọ̀, èémí rẹ̀ sì ń tán láàárín rẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ariwo bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Ó ń rìn kiri létí òkun, ó dorí kodò. Bàbá arúgbó kan rí i níbẹ̀, Eunomus ni orúkọ rẹ̀. Eunomus bá a wí. Ó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára bí ti Pericles, aṣáájú ńlá kan tó ti kú tipẹ́tipẹ́. Àìnígboyà rẹ̀ ló ń bà á jẹ́, pẹ̀lú ara rẹ̀ tí kò kọ́ láti le.

Ó tún gbìyànjú. Wọ́n tún kọ̀ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi aṣọ bojú, ó ń lọ sílé. Satyrus tẹ̀ lé e. Òṣèré ni Satyrus, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ni. Demosthenes bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ó ní òun ṣiṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ, síbẹ̀ àwọn ọ̀mùtí pàápàá ni ìlú ń gbọ́ tiwọn, wọn kò gbọ́ ti òun.

Satyrus kò bá a jiyàn. Ó ní kí ó ka ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún òun láti inú eré kan tí gbogbo Áténì mọ̀. Demosthenes kà á. Satyrus wá gba ọ̀rọ̀ kan náà, ó kà á ní tirẹ̀. Níbi tí ẹni inú eré ń bínú, ohùn Satyrus bínú. Níbi tó ń sunkún, ohùn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó fi ojú sọ̀rọ̀, ó fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n lójú Demosthenes ó dà bí ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Nígbà náà ni ó mọ ohun tó kù fún un láti kọ́.

Ó kọ́ yàrá kan sí abẹ́ ilẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń lọ síbẹ̀ láti lo ohùn rẹ̀. Nígbà mìíràn, ó máa ń wà níbẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Ó mọ̀ pé yóò wu òun láti jáde. Kí ló ṣe? Ó fá irun orí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀. Ta ni yóò jáde sí ìgboro pẹ̀lú irú orí bẹ́ẹ̀? Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń ṣe nínú yàrá náà àti níta.

Fún lẹ́tà tí kò lè pè àti ahọ́n rẹ̀ tó wúwo, ó kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹnu, ó sì ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òkúta kò jẹ́ kí ahọ́n lọ bó ṣe fẹ́. Ahọ́n àti ètè ní láti ṣiṣẹ́ gidigidi kí ọ̀rọ̀ tó já gaara. Nígbà tó bá kó òkúta náà jáde, ọ̀rọ̀ a fúyẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe é o! Òkúta lè bọ́ sí ọ̀nà èémí, kí ó sì dí i. Ẹ lè la ẹnu dáadáa, kí ẹ sì rọra pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láìjẹ ìparí rẹ̀. Ìyẹn náà ń ran ahọ́n lọ́wọ́.

Fún èémí, ó ń gun òkè. Bó ṣe ń gùn ún ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn ó ń sáré, ó sì ń ka ewì tàbí ọ̀rọ̀ gígùn pẹ̀lú èémí kan ṣoṣo.

Kí ni òkè gígùn ní í ṣe pẹ̀lú ohùn? Ẹ rántí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Bí wọ́n bá fà á sókè, afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ jáde, iná sì ràn. Ẹ̀dọ̀fóró wa ni ẹwìrì tiwa. Méjì ni wọ́n, inú àyà ni wọ́n wà. Lábẹ́ wọn, iṣan fífẹ̀ kan wà tó dá àyà àti ikùn sí méjì. Bí a bá ń mí sínú, iṣan náà á sọ̀kalẹ̀, ààyè á gbà, afẹ́fẹ́ á wọlé. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ náà á máa jáde lọ sókè. Nínú ọ̀fun, ó máa kọjá láàárín ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ méjì. Àwọn wọ̀nyí á máa gbọ̀n. Gbígbọ̀n yẹn ni ohùn. Ẹ fi ìka kan ọ̀fun yín, kí ẹ ṣe «mmm». Ṣé ẹ gbọ́ ọ lábẹ́ ìka?

Ẹ wá gbé ọwọ́ lé ikùn. Ẹ mí sínú díẹ̀díẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá sún síwájú, èémí náà ti wọlé jinlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èjìká nìkan ló gòkè, kò tíì jinlẹ̀. Ẹ rọra mí síta, kí ẹ máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, títí èémí yóò fi tán. Ẹ má fi ipá ṣe é. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dúró ná.

Ẹni tó ń gun òkè kì í ní èémí púpọ̀ láti fi ṣòfò. Demosthenes ní láti kọ́ bí yóò ṣe mí kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àti bí yóò ṣe fi èémí díẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó bá padà dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, èémí rẹ̀ kò já mọ́.

Fún ariwo, wọ́n ní ó ń lọ sí etí òkun ní Phaleron, kò jìnnà sí Áténì. Bí ẹ bá ti dé etí òkun rí, bí irú ti Kútọnu, ẹ mọ bí ìgbì ṣe ń ké. Ó dúró síwájú ìgbì, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kí etí òun mọ́ ariwo, kí ariwo àwọn ènìyàn má bàa dà á láàmú mọ́.

Ó tún ní dígí gíga kan nínú ilé. Ó ń dúró níwájú rẹ̀, ó ń wo ojú àti ọwọ́ ara rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Èjìká rẹ̀ kan sì máa ń ta sókè láìròtẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ó so idà kan kọ́ sí òkè èjìká náà. Bí èjìká bá ta sókè, idà á gún un. Ọmọ ẹni tó ń rọ idà ni, ó ṣe tán!

Lálẹ́, ó ń tan fìtílà, ó ń kọ ohun tí yóò sọ. Ẹnì kan tó kórìíra rẹ̀ ń pẹ̀gàn rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń rùn bí òwú fìtílà. Demosthenes kò sẹ́. Òun pàápàá nígbà tó darúgbó ló sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan bí òun ṣe fi òkúta àti òkè tún ohùn òun ṣe. Bí ìtàn náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn.

Kò pẹ́, ọ̀rọ̀ ńlá kan dé sí Áténì. Ọba kan wà ní Makedóníà, ní àríwá. Philip ni orúkọ rẹ̀. Philip ń gba ìlú kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn ará Áténì jókòó, wọ́n ń wòran. Ní ọdún 351 ṣáájú ìbí Jésù, Demosthenes gun Pnyx, ó kìlọ̀ fún wọn nípa Philip. Ohùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Ó tún kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àti lẹ́ẹ̀kan sí i, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ṣé ẹ̀rù kò bà á mọ́ láé? Ó ṣì ń bà á. Ní ọdún 346, wọ́n rán òun àti àwọn mìíràn lọ bá Philip fúnra rẹ̀. Aeschines bá wọn lọ. Òṣèré ni Aeschines tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ dùn, kò sì fẹ́ràn Demosthenes. Aeschines ló sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé nígbà tó kan Demosthenes láti sọ̀rọ̀ níwájú ọba, ọ̀rọ̀ fò lọ lórí rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ọ̀tá ló sọ ọ́, nítorí náà kí a gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ọ̀tá. Ṣùgbọ́n mo rò pé ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 338, ogun dé. Áténì àti ìlú Thebes jọ dojú kọ Philip ní Chaeronea. Philip ṣẹ́gun wọn. Demosthenes wà lára àwọn ọmọ ogun, àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sì ní ó sá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń sin àwọn tó kú, òun náà ni ìlú yàn láti sọ̀rọ̀ lórí wọn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ pé kí ìlú fi adé wúrà dá a lọ́lá. Aeschines ní rárá, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ọdún 330 ni wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ náà. Àwọn ènìyàn wá láti ìlú púpọ̀. Aeschines kọ́kọ́ fi ohùn dídùn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, Demosthenes dìde. Nígbà tí àwọn adájọ́ dìbò, Aeschines kò rí ìdá kan nínú márùn-ún. Ó fi Áténì sílẹ̀.

Wọ́n ní ẹnì kan bi Demosthenes pé kí ló ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Ó dáhùn pé bí a ṣe ń sọ ọ́ jáde ni. Ẹni náà béèrè ohun kejì. Ìdáhùn kan náà ló fún un. Ó béèrè ẹ̀kẹta. Demosthenes tún fún un ní ìdáhùn kan náà.

Philip kú, Alexander ọmọ rẹ̀ jọba, òun náà kú. Áténì gbìyànjú láti gba ara rẹ̀, kò ṣeé ṣe. Àwọn ará Makedóníà ní kí wọ́n mú Demosthenes wá. Ó sá lọ sí erékùṣù kan tó ń jẹ́ Calauria, ó wọ inú ilé òrìṣà òkun. Níbẹ̀ ló kú sí ní ọdún 322, kí àwọn ọmọ ogun tó mú un.

Ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ará Áténì fi idẹ ṣe ère rẹ̀, wọ́n gbé e dúró láàárín ìlú. Ère náà pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ìka wọ inú ìka. Igi kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n sọ pé ọmọ ogun kan fẹ́ lọ dáhùn ẹjọ́ níwájú ọ̀gá rẹ̀. Ó ní wúrà díẹ̀ lọ́wọ́, kò mọ ẹni tí yóò fi í sọ́dọ̀. Ó fi í sínú ọwọ́ ère náà, ó sì lọ. Ewé igi já bọ́, ó bo wúrà náà. Ó pẹ́ kí ọmọ ogun náà tó padà dé. Ó lọ wò ó. Gbogbo wúrà rẹ̀ wà nínú ọwọ́ Demosthenes, kò dín.